Nípa Yíyan Linux fún Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó



Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ níhìn-ín kò ní parí sínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Láìpẹ́ a ó tú ká, olúkúlùkù yóò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán an sí, ẹlòmíràn sí ìlú ńlá, ẹlòmíràn sí abúlé. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni a ó ti bá kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì ní igun yàrá, tí a fi aṣọ bò, tí eruku sì bo aṣọ náà. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, a ó sọ fún wa pé, "Ó ti gbó." A kọ àròkọ yìí láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní gbígbó kì í ṣe gbígbó rárá, àti láti ṣe àlàyé bí ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan Linux rí ṣe lè yan èyí tí ó yẹ ẹ̀rọ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí di kánjúkánjú láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ní ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń lo Windows 10 kò kú ní ọjọ́ náà. Ó ń tàn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí yóò tún un ṣe: bí olè kò tilẹ̀ wọlé lónìí, kò sí ohun tí ó dí i lọ́nà lọ́la. Bí a bá sì fẹ́ lọ sí Windows 11, ó ń béèrè RAM 4GB ó kéré tán, àyè 64GB nínú díìsìkì, àti ẹ̀yà kan tí a ń pè ní TPM 2.0 tí ń pa àṣírí ẹ̀rọ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ara wọn dá ṣáṣá ni kò ní ohun ìkẹyìn yìí, nítorí náà ni a ṣe kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Àwọn kan a máa wí pé kí a kúkú ra ẹ̀dà Windows tí a jí dà kọ, èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà ní owó pọ́ọ́kú. A kò lè bá wọn lọ ní ọ̀nà yìí. Àwa tí a ó máa kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọn má ṣe jalè kò gbọdọ̀ fi ohun tí a jí kọ́ wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá gba ètò kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè kò mọ ohun mìíràn tí olè náà ti fi sínú rẹ̀.

Kí wá ni Linux? Ní ọdún 1991, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds ni orúkọ rẹ̀, kọ ètò kan tí ó ń darí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ó sì fi í han gbogbo ayé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè bá a tún un ṣe. Ètò yìí ni a lè fi wé ekùrọ́ tí ó wà ní àárín gbùngbùn ẹyin: a kì í rí i lóde, ṣùgbọ́n òun ni inú. Àwọn ohun èlò púpọ̀ tí ó yí ekùrọ́ yìí ká wá láti inú iṣẹ́ GNU, tí Richard Stallman ti kéde ní ọdún 1983. Ní ọdún 1992 ni a fi Linux sábẹ́ ìwé àṣẹ tí a ń pè ní GPL. Ìwé àṣẹ yìí fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti dà á kọ fún ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá dà á kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jalè. Ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ fẹ́ gan-an ni ó ṣe.

Ohun tí ó máa ń da ẹni titun láàmú ni pé Linux kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Iṣu kan náà ni a fi ń gún iyán, òun ni a fi ń se àsáró, òun náà ni a ń gbẹ tí a sì ń lọ̀ láti fi ro àmàlà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ènìyàn ṣe ń mú ekùrọ́ kan náà, tí wọ́n ń fi ohun èlò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kún un, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Láti inú Debian ni Ubuntu ti jáde ní ọdún 2004, láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, ẹni tí ó ti rin ìrìn àjò lọ sí òfurufú ní ọdún 2002. Láti inú Ubuntu ni Linux Mint ti jáde ní ọdún 2006. Ọ̀rọ̀ àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni "ubuntu," ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n wí pé ènìyàn ni aṣọ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí orí yíyàn náà. Ìwé Mímọ́ kọ́ wa pé a kì í da wáìnì titun sínú ògbólógbòó ìgò-awọ. Àwọn Yorùbá sì wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń béèrè pé, "Linux wo ni ó dára jù?" nígbà tí ó yẹ kí a béèrè pé, "Irú ẹ̀rọ wo ni ó wà lọ́wọ́ mi?" Nítorí náà ẹ̀rọ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó yẹ Linux wò. Ohun mẹ́ta ni kí a kọ sínú ìwé.

Èkíní ni RAM, èyíinì ni àyè tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tí ó bá ń ṣe é lọ́wọ́. A lè fi í wé tábìlì olùkọ́: bí tábìlì bá kéré, a kò lè ṣí ìwé púpọ̀ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni bóyá ẹ̀rọ náà jẹ́ bíìtì 32 tàbí bíìtì 64. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe lẹ́yìn ọdún 2010 jẹ́ bíìtì 64, ṣùgbọ́n kí a má ṣe méfò. Kí a wò ó. Ẹ̀kẹta ni díìsìkì: báwo ni àyè rẹ̀ ti tó, àti pé ṣé èyí tí ń yí ni, tàbí irú titun tí a ń pè ní SSD tí kò ní ohun tí ń yí nínú? Bí Windows bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, a ó rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wọ̀nyí ní ibi tí a kọ "About" sí nínú "Settings."

Nígbà tí a bá ti mọ mẹ́ta yìí, yíyàn kò ṣòro mọ́.

Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ bíìtì 64, tí RAM rẹ̀ sì tó 4GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a gba ẹni titun ní ìmọ̀ràn láti mú Linux Mint. Àwọn tí ń ṣe é wí pé RAM 2GB ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n 4GB ni yóò jẹ́ kí ó rọrùn. Àyè 20GB nínú díìsìkì ni ó kéré jù, ṣùgbọ́n 100GB ni ó dára. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ojú rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó ti Windows wá: àkójọ iṣẹ́ wà ní igun ìsàlẹ̀ ní apá òsì, aago sì wà ní apá ọ̀tún. Ó ní ohun èlò tí ń sọ fún wa nígbà tí àtúnṣe bá dé, ó sì ní òmíràn, Timeshift ni orúkọ rẹ̀, tí ń ya àwòrán ipò tí ètò wà, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè padà sí ipò àná bí ọwọ́ wa bá ba nǹkan jẹ́ lónìí. Ojú mẹ́ta ni ó ní: Cinnamon, MATE, àti Xfce. Cinnamon ni ó lẹ́wà jù, òun ni ó sì ń jẹun jù. Xfce ni ó fúyẹ́ jù. Fún ẹ̀rọ ògbólógbòó, Xfce ni kí a mú. Linux Mint 22, tí ó jáde ní ọdún 2024, ni a ó máa ṣe àtúnṣe fún títí di ọdún 2029.

Bí RAM bá jẹ́ 2GB péré, Mint Xfce yóò gbé e, ṣùgbọ́n yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Níbí ni Lubuntu ti wúlò. Ọmọ ìyá Ubuntu ni, ṣùgbọ́n ojú fífúyẹ́ tí a ń pè ní LXQt ni ó ń lò. MX Linux pẹ̀lú kò burú, òun tí a kọ́ sórí Debian. Ó ní ọ̀pọ̀ ohun èlò tirẹ̀ tí ń ran ẹni titun lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tí ó bá yan èyíkéyìí nínú méjèèjì kò ṣìnà.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ bíìtì 32, tàbí tí RAM rẹ̀ kò tó 2GB, ibí ni ojú ọ̀nà ti ń dín kù. Àwọn ẹ̀yà Linux ńláńlá ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lubuntu 18.10 ti ọdún 2018 ni ó jáde kẹ́yìn fún bíìtì 32. Nígbà tí Debian 13 sì jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, a kò ṣe é láti máa gbé e kalẹ̀ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ antiX 23, tí ó jáde ní ọdún 2023, ní ẹ̀dà bíìtì 32, ó sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú RAM tí kò ju 512MB lọ. Puppy Linux pẹ̀lú wà, èyí tí Barry Kauler bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Australia ní ọdún 2003. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi lè wọ inú RAM, a sì lè máa lò ó láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan díìsìkì. Ṣùgbọ́n a kò ní tan yín jẹ: ìlò àwọn méjèèjì yìí gba sùúrù ju ti Mint lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dára fún kíkọ ìwé, fún kíkọ́ ọmọdé ní títẹ bọ́tìnnì, àti fún ìṣirò. Kí a má ṣe retí pé yóò gbé fídíò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Níhìn-ín ni a fẹ́ sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ fún ẹni titun. Linux fífúyẹ́ kò sọ íntánẹ́ẹ̀tì di fífúyẹ́. Ètò tí ń darí ẹ̀rọ lè jẹ ìwọ̀nba RAM díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ojú-ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà nínú Firefox tàbí Chrome, àwọn wọ̀nyí yóò jẹ ìyókù tán. Nítorí náà, bí owó díẹ̀ bá wà, kí a fi ra RAM kún èyí tí ó wà, kí a sì fi SSD rọ́pò díìsìkì tí ń yí. Nínú ẹ̀rọ ògbólógbòó, SSD nìkan a máa mú ìyàtọ̀ wá ju pípààrọ̀ Linux kan sí òmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ bí a ṣe ń gbé e wọ inú ẹ̀rọ. A ó gba fáìlì Linux tí a yàn wálẹ̀ láti ojú-ewé àwọn tí ó ń ṣe é gan-an. Ti Mint ju 2GB lọ, èyí kì í sì í ṣe owó kékeré lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti gbà á, gbogbo kíláàsì lè dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí kí a ṣe ìṣirò àyẹ̀wò tí a ń pè ní SHA256, kí a sì fi í wé èyí tí àwọn olùṣe rẹ̀ tẹ̀ jáde. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé tàbí ẹnìkan ti yí i padà. Kí a wá fi Rufus, tàbí balenaEtcher, tàbí Ventoy kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí ó wà lórí fíláàṣì náà ni yóò parẹ́. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, kí a tẹ F12, tàbí F2, tàbí Esc, tàbí Delete, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti fẹ́, kí a sì yan fíláàṣì.

Ohun ìyanu ni pé Linux yóò ṣí láti orí fíláàṣì náà láìtíì fọwọ́ kan díìsìkì. A lè wọ ẹ̀wù náà wò kí a tó rà á. Kí a lo àǹfààní yìí dáadáa: kí a dán íntánẹ́ẹ̀tì wò, kí a gbọ́ bí ohùn ti ń jáde, kí a tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kí a mú kí ẹ̀rọ sùn kí a sì jí i. Bí Wi-Fi bá kọ̀, a lè fi okùn USB so fóònù mọ́ ẹ̀rọ kí ó lè gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀ títí a ó fi rí ojútùú. Bí ohun púpọ̀ bá kọ̀, kí a dán ẹ̀yà mìíràn wò. Fíláàṣì nìkan ni a óò tún kọ. Kò sí ohun tí a pàdánù.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ gbé e wọ inú díìsìkì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí. Ní ìgbà kan tí a ń ran ẹlẹgbẹ́ wa kan lọ́wọ́, inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi bi í léèrè bí ó bá ti da àwọn ìwé rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. A yan ibi tí a kọ sí pé kí a nu díìsìkì náà mọ́, a sì tẹ bọ́tìnnì. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó fi sáà méjì kọ, àti àwòrán ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé, ti lọ. Kò bá wa jà. Ó kàn jókòó, ó ń wo ẹ̀rọ náà. Àwa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe Linux. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ṣe òfin pé a kì í tẹ bọ́tìnnì yẹn láìjẹ́ pé a ti fi ojú ara wa rí ẹ̀dà gbogbo ìwé oní-nǹkan lórí díìsìkì mìíràn, tí a sì ti ṣí díẹ̀ nínú wọn wò. Kí a sì rí i pé bátìrì kún, kí iná má baà lọ nígbà tí iṣẹ́ wà ní ìdajì.

Àǹfààní wo ni àwa olùkọ́ yóò rí níbẹ̀? LibreOffice wà fún kíkọ ìwé àti ṣíṣe ìṣirò máàkì. Ó ń ṣí ìwé tí a fi Microsoft Word kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà a máa yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. GCompris ní eré ẹ̀kọ́ púpọ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 2 sí 10. Tux Paint wà fún yíya àwòrán. Kiwix sì ń jẹ́ kí a ka Wikipedia níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti èdè wa. Nínú ibi tí a ti ń yan kíbọ́ọ̀dù, bí a bá wá Nigeria, a ó rí Yorùbá pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Ẹni tí kò bá fẹ́ pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè ya bọ́tìnnì kan sọ́tọ̀ fún Compose: bí ó bá tẹ Compose, lẹ́yìn náà àmì ìyanu, lẹ́yìn náà lẹ́tà s, ṣ ni yóò jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti ọ. Kò sí àwáwí mọ́ fún olùkọ́ tí ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá jáde láìfi àmì sí i, tí ọmọ kò fi mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni a ń wí tàbí ọkọ́.

Ó tọ́ kí a sọ ìhà kejì pẹ̀lú. Microsoft Office gan-an kò sí fún Linux, àwọn ètò ìdánwò kan sì wà tí a ṣe fún Windows nìkan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn a máa ṣagídí. Bí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín bá dúró lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa ṣe é, kí ẹ sì fi Linux sórí àwọn ìyókù.

Ní ìparí, ẹ̀yin ará wa, kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀pọ̀ orúkọ dẹ́rù bà wá. Wo ẹ̀rọ, kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀, yan èyí tí ó bá a mu, dán an wò láti orí fíláàṣì, da àwọn ìwé kọ pamọ́, lẹ́yìn náà ni kí o gbé e wọlé. Ẹni tí ó bá sì ti yan ọ̀kan, kí ó dúró tì í fún oṣù mẹ́ta kí ó tó máa wo òmíràn, nítorí ẹni tí ń pààrọ̀ Linux lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í mọ ọ̀kankan. Ọmọ kan wà ní abúlé kan tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ẹ̀rọ tí yóò kọ́kọ́ lò sì wà lábẹ́ aṣọ ní igun yàrá. Olùkọ́ tí yóò ṣí aṣọ náà ni ó kù.